Core Mẹ́jọ, Ẹnìkan Ló Ń Ru Ẹrù: Ìdí Tí Géèmù Ìdíje Ọkọ̀ Fi Ń Kọsẹ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà Tó Lágbára

Ẹ ti ṣí Assetto Corsa, géèmù ìdíje ọkọ̀ kan, ẹ yan pápá Monza, ẹ sì kó ọkọ̀ mẹ́tàlélógún tí kọ̀ǹpútà yóò máa wà fúnra rẹ̀ síwájú yín. Iná pupa kú. Gbogbo ọkọ̀ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, àwòrán ojú skríìnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀: ó lọ díẹ̀, ó dúró, ó fò. Kí ẹ tó dé kọ́nà àkọ́kọ́, ẹ ti gbá ẹni iwájú nídìí, torí pé ìgbà tí ẹ fi rí iná bíréèkì rẹ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ tipẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ yí pápá náà po lẹ́ẹ̀mejì, tí àwọn ọkọ̀ ti túká, ohun gbogbo tún ń lọ geere.

Ẹ wá ṣí Task Manager, ètò inú Windows tó ń fi bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, kí ẹ lè mọ ohun tó fà á. Ohun tí ẹ bá níbẹ̀ ni 28%. CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí ẹ fi owó gidi rà, tí wọ́n ní ó ní core mẹ́jọ, ìyẹn òṣìṣẹ́ mẹ́jọ nínú rẹ̀, kò tíì lo ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀, géèmù sì ti ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Àwọn kan á sáré lọ ra káàdì àwòrán tuntun, owó á lọ, ìkọsẹ̀ náà á sì wà bó ṣe wà. Àwọn mìíràn á máa wá ìmọ̀ràn kiri. Ẹnìkan á ní kí wọ́n pa Hyper-Threading, ètò tó ń jẹ́ kí core kan gba iṣẹ́ méjì mọ́ra. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n yọ core àkọ́kọ́ kúrò lábẹ́ géèmù. Ẹnìkẹta á ní Windows ti mú àwọn core kan sùn, kí wọ́n tètè jí wọn. Kò sí ọ̀kan nínú ìmọ̀ràn wọ̀nyí tí kò ní ibi tó ti wúlò. Kò sì sí ọ̀kan tí kò lè ba nǹkan jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ohun tó ń tún ṣe. Mo ti fi ọ̀pọ̀ òru wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì fẹ́ kí ẹlòmíràn rí i gbà ní ọ̀nà tó rọrùn ju bí èmi ṣe rí i lọ.

Iṣẹ́ inú fírémù kan

Fírémù ni àwòrán ẹyọ kan tí kọ̀ǹpútà yà sójú skríìnì. Bó bá ya 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú wa á gbà pé ọkọ̀ ń rìn. Èyí já sí pé àyè tí kọ̀ǹpútà ní láti parí iṣẹ́ fírémù kan kò ju mìlísẹ́kọ́ńdù 16.7 lọ. (Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, ẹ mú ẹyọ kan níbẹ̀, mìlísẹ́kọ́ńdù nìyẹn.) Ẹni tó ń lo skríìnì 144 Hz, ìyẹn èyí tó ń pààrọ̀ àwòrán nígbà 144 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ní 6.9 péré. Ẹni tó dé awò VR tó ń béèrè 90 ní 11.1, àwòrán méjì ni wọ́n sì ń yà fún un, ọ̀kan fún ojú ọ̀tún, ọ̀kan fún ojú òsì.

Káàdì àwòrán ló ń kun ọ̀dà: àwọ̀, ìmọ́lẹ̀, dídán ara ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kó tó kun ohunkóhun, CPU gbọ́dọ̀ ti sọ fún un ohun tó wà níwájú àti ibi tó wà. Níbo ni sítíárìn yí sí? Ṣé táyà iwájú lápá òsì ṣì di ojú ọ̀nà mú, àbí ó ti ń yọ̀? Àwọn ọkọ̀ yòókù ńkọ́, èwo ló ń rọra, èwo ló fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá? Èwo nínú wọn ló hàn nínú dígí?

Nínú géèmù ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún eré ṣíṣe lásán, wọ́n lè fi ẹ̀tàn bo púpọ̀ nínú ìṣirò yìí. Simulator (tàbí sim), ìyẹn géèmù tó fẹ́ kí ọkọ̀ ṣe bíi ti gidi, kò gbọ́dọ̀ tan ni jẹ. Assetto Corsa, tí Kunos Simulazioni ṣe ní ọ́fíìsì wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá Vallelunga nítòsí Róòmù, tó sì jáde ní 2014, ń ṣírò ìrìn ọkọ̀ nígbà 333 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn lẹ́ẹ̀kan láàárín mìlísẹ́kọ́ńdù mẹ́ta-mẹ́ta. Ti iRacing ní Amẹ́ríkà jẹ́ ìgbà 360. BeamNG.drive, tí wọ́n ṣe ní Jámánì, ń ṣe tirẹ̀ nígbà 2,000, torí pé irin ọkọ̀ gan-an ló ń ṣírò bí yóò ṣe tẹ̀ àti bí yóò ṣe wó.

Ìṣirò yìí kì í dúró de àwòrán. Bí àwòrán bá já sí 40, ìrìn ọkọ̀ ṣì gbọ́dọ̀ máa lọ ní 333, torí pé bó bá fà sẹ́yìn, ọkọ̀ náà kò ní ṣe bí ọkọ̀ mọ́, sítíárìn tó ń gbọ̀n lọ́wọ́ yín á sì máa purọ́ fún yín. Ìdí nìyẹn tí Assetto Corsa fi ń kọ ìkìlọ̀ sójú skríìnì pé CPU ti kọjá 99%, kódà nígbà tí Task Manager ń sọ pé 28% ni. Ohun kan náà kọ́ ni àwọn méjèèjì ń wọ̀n. Géèmù ń sọ̀rọ̀ nípa thread kan (iṣẹ́ kan tí a gbé lé core kan lọ́wọ́) tí kò ráyè parí iṣẹ́ rẹ̀ láàárín mìlísẹ́kọ́ńdù mẹ́ta. Task Manager ń sọ̀rọ̀ nípa gbogbo ilé.

Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Grand Prix Legends, tó jáde ní 1998, ń ṣírò ọkọ̀ nígbà 288 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, àwòrán tó ń yà kò sì ju 36 lọ. Core kan ṣoṣo ni CPU inú ilé ní nígbà náà. Ojú ọ̀nà kan ni gbogbo iṣẹ́ ń gbà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ọ̀pọ̀ sim tó tẹ̀ lé e ṣì ń rìn bẹ́ẹ̀ nínú egungun wọn, bí ara wọn tilẹ̀ ti dán sí i.

Iṣu tó wà lórí iná

Core ni òṣìṣẹ́. Thread ni iṣẹ́ tí a gbé lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, tí kò ṣeé fò, tí ìgbésẹ̀ kejì rẹ̀ kò lè bẹ̀rẹ̀ kí èkíní tó parí.

Ẹ ro ilé tí wọ́n ti fẹ́ gún iyán fún àlejò. Èèyàn mẹ́rin lè jọ bẹ iṣu, yóò sì yá. Èèyàn mẹ́ta lè jọ fọmọ odó bọ odó kan, kí wọ́n máa gún un ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé, yóò tún yá sí i. Ṣùgbọ́n iṣu tó wà lórí iná kò mọ iye èèyàn tó wà nílé. Bí ogún èèyàn bá dúró tì í, ìgbà tí yóò jinná náà ni yóò jinná, gbogbo wọn á sì káwọ́ gbera. Ẹni tó bá yọjú lásìkò yẹn, tó ka iye ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́, á ní ọ̀lẹ ló kún ilé náà. Ohun tí Task Manager ń ṣe fún yín nìyẹn.

Nínú ọ̀pọ̀ sim, olórí thread ni iṣu tó wà lórí iná. Òun ló ń gba ohun tí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ yín ṣe, òun ló ń kó ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà jọ, òun ló ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun kan hàn tàbí kò hàn, òun ló sì ń ka orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan fún káàdì àwòrán pé, ya igi yìí, ya ògiri yìí, ya táyà yìí. Lábẹ́ DirectX 11, ohun tí géèmù fi ń bá káàdì àwòrán sọ̀rọ̀ lórí Windows, tí púpọ̀ nínú àwọn sim yìí ń lò, ẹnu kan ṣoṣo ló sábà máa ń ka orúkọ náà. Ọkọ̀ mẹ́rìnlélógún tó fún mọ́ra wọn lórí ìlà ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ orúkọ púpọ̀. Tí dígí mẹ́ta bá tún ṣí, ó ní láti ka ohun tó hàn nínú dígí kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Òjìji náà rí bẹ́ẹ̀: kí òjìji tó jáde, a gbọ́dọ̀ tún wo ayé yẹn láti ibi tí oòrùn wà.

Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ḿbà tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní core kan ṣoṣo yóò lo mìlísẹ́kọ́ńdù 20 lórí fírémù kan, tí 12 nínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí kò ṣeé pín, tí 8 sì ṣeé pín. Core kan á fún wa ní 50 FPS, ìyẹn fírémù 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá di méjì, 8 á di 4, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 16, FPS á di 62. Core mẹ́rin: 14, FPS 71. Mẹ́jọ: 13, FPS 77. Mẹ́rìndínlógún: 12.5, FPS 80. Ẹ kó ẹgbẹ̀rún core wá, ẹ kò ní kọjá 83, torí 12 àkọ́kọ́ yẹn kò kúrò níbi tó wà. Gene Amdahl ló là á sílẹ̀ báyìí ní 1967, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe òfin náà títí dòní. Ní ìdà kejì, ẹ fi core mẹ́jọ yín sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kàn yára sí i ní 25%: 13 á di 10.4, FPS á fò dé 96. Yíyára òṣìṣẹ́ kan ju pípọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ lọ, níbi tí iṣẹ́ kò bá ti ṣeé pín.

Padà sí 28% yẹn. CPU tó ní core mẹ́jọ pẹ̀lú Hyper-Threading ń fi ojú mẹ́rìndínlógún han Windows, méjì fún core kọ̀ọ̀kan. Ojú kan tó kún dé ẹnu, 6.25% péré ló fi kún iye náà. Windows tún máa ń gbé olórí thread láti orí core kan bọ́ sórí òmíràn lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá, débi pé kò ní sí ìlà kan tí ẹ máa rí tó dúró sí 100%. Ẹrù náà wúwo, orí tó ń rù ú ló ń yí padà.

Kì í ṣe gbogbo sim ló rí bẹ́ẹ̀ o. BeamNG.drive ń gbé ìṣirò ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lé thread tirẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kó ọkọ̀ mẹ́wàá sójú pópó níbẹ̀ yóò jèrè core púpọ̀ gan-an. Assetto Corsa Competizione, tí Kunos gbé kalẹ̀ lórí Unreal Engine 4 (ìpìlẹ̀ tí àwọn tó ń ṣe géèmù máa ń kọ́ géèmù lé), pín iṣẹ́ eré àti iṣẹ́ àwòrán sí thread ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, síbẹ̀ bí ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń wà bá pọ̀, thread eré ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀. Nínú ìdíje orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹrù náà tún yàtọ̀: kọ̀ǹpútà oníkálukú ló ń ṣírò ọkọ̀ tirẹ̀, tiyín kàn ń gba ìròyìn ibi tí àwọn yòókù wà ni. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń kọsẹ̀ níwájú ọkọ̀ mẹ́tàlélógún tí ẹ̀rọ ń wà lè bá ogójì èèyàn díje lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí wàhálà tó tó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ètò kankan

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń fà sẹ́yìn láàárín CPU àti káàdì àwòrán. Ẹ dín iye píksẹ̀lì ojú skríìnì kù nínú géèmù, láti 1920 × 1080 sí 1280 × 720, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan náà láti orí ìlà. Bí FPS bá ga sókè dáadáa, káàdì àwòrán ni ẹrù pọ̀ lórí rẹ̀, gbogbo ohun tí mo ń sọ nípa core kò sì kàn yín lọ́jọ́ náà. Bó bá dúró síbi tó wà, CPU ni. Ìdánwò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ó sì ti gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ ìnáwó tí kò nídìí.

Ẹ má fi replay, ìyẹn àtúnwò ìdíje tó ti kọjá, dán an wò. Replay kì í ṣírò ìrìn ọkọ̀ lákọ̀tun, ibi tí ọkọ̀ ti wà tẹ́lẹ̀ ló kàn ń kà, nítorí náà apá tó wúwo jù nínú iṣẹ́ CPU kò sí níbẹ̀.

Ẹ má sì fi àròpín FPS tan ara yín jẹ. Fírémù 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lè jẹ́ pé 59 lo mìlísẹ́kọ́ńdù 15, tí ọ̀kan ṣoṣo lo 115. Ẹ rò ó pọ̀: 885 àti 115, ẹgbẹ̀rún géérégé. Àròpín á ní 60, á dà bíi pé kò séwu. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń sáré ní kìlómítà 250 láàárín wákàtí kan ti rìn mítà mẹ́jọ láàárín mìlísẹ́kọ́ńdù 115 yẹn, ẹ kò sì rí nǹkan kan. Mítà mẹ́jọ ni ìyàtọ̀ láàárín kọ́nà tí ẹ gbà dáadáa àti ògiri. Èyí ló jẹ́ kí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa wo iye tí wọ́n ń pè ní 1% low, ìyẹn bí nǹkan ṣe rí nínú àwọn fírémù tó pẹ́ jù, kí wọ́n tó wo àròpín.

Hyper-Threading

Intel, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe CPU, gbé Hyper-Threading wá sínú Pentium 4 ti inú ilé ní 2002. AMD, tí òun náà ń ṣe CPU, gbé irú tirẹ̀, SMT, wọlé pẹ̀lú Ryzen ní 2017. Òṣìṣẹ́ kan ni, tí wọ́n gbé iṣẹ́ méjì síwájú rẹ̀: bó bá ń dúró de ohun kan nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́, á na ọwọ́ sí èkejì. Kì í di òṣìṣẹ́ méjì. Bí iṣẹ́ méjì tó wúwo bá wá bọ́ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ kan náà, méjèèjì á fà.

Ohun tó ń bani lẹ́rù nìyẹn: kí olórí thread àti thread ìrìn ọkọ̀ bọ́ sórí core kan ṣoṣo nígbà tí core mẹ́fà ṣófo. Lórí Windows àtijọ́ ó máa ń ṣẹlẹ̀, ẹni tó bá sì pa Hyper-Threading nínú BIOS (ètò tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó ṣí) nígbà náà máa ń rí ìyàtọ̀. Windows òde òní mọ ojú méjì tó jẹ́ ti core kan, ó sì máa ń wá core tó ṣófo fún iṣẹ́ tó wúwo kó tó pa méjì pọ̀. Ní tèmi, ẹni tí CPU rẹ̀ ní core mẹ́rin péré kò gbọdọ̀ pa á, torí ibẹ̀ ni àwọn iṣẹ́ wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ń sá sí. Ẹni tó ní mẹ́jọ lè dán an wò, kó sì dá a padà bí 1% low rẹ̀ kò bá yàtọ̀. Intel fúnra wọn kò fi Hyper-Threading sínú Core Ultra 200S tí wọ́n gbé jáde ní October 2024. Ẹ lè fi ìyẹn mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà kò lè ṣe láìsí.

Affinity, níbi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù

Affinity ni àṣẹ tí ẹ fi ń sọ fún Windows pé core báyìí-báyìí nìkan ni ètò yìí lè lò. Inú Task Manager ló wà, lábẹ́ Details: ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ orúkọ géèmù, ẹ yan Set affinity. Àpótí kéékèèké á jáde, CPU 0, CPU 1, CPU 2, títí lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yan 0, 1, 2 àti 3, wọ́n á rò pé core mẹ́rin làwọn fún géèmù. Níbi tí Hyper-Threading bá wà, 0 àti 1 jẹ́ ojú méjì core kan ṣoṣo, 2 àti 3 jẹ́ ti èkejì. Core méjì ni wọ́n fún un. Wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn sọ kọ̀ǹpútà olówó ńlá di ti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, wọ́n á sì máa ṣe kàyéfì pé ìmọ̀ràn tó ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ kò ran àwọn lọ́wọ́.

Lórí CPU Intel láti ìran kejìlá, tó jáde ní November 2021, ọ̀rọ̀ náà tún lọ́jú pọ̀ sí i. Core oríṣi méjì ló wà nínú rẹ̀: P-core, òṣìṣẹ́ tó yára, àti E-core, òṣìṣẹ́ tó rọra tí kì í jẹ iná púpọ̀. i9-12900K ní mẹ́jọ-mẹ́jọ. CPU 0 dé 15 jẹ́ ti P-core, 16 dé 23 jẹ́ ti E-core. Bí olórí thread sim yín bá ṣèèṣì bọ́ sórí E-core, ẹ ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Windows 11 ní ìmọ̀ láti pín in dáadáa, torí CPU náà fúnra rẹ̀ ń sọ fún un irú iṣẹ́ tó ń lọ lórí core kọ̀ọ̀kan. Windows 10 kò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Àwọn géèmù kan tilẹ̀ kọ̀ láti ṣí nígbà tí CPU yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, torí pé ohun tí wọ́n fi ń dènà olè jíjà nínú wọn rò pé E-core jẹ́ kọ̀ǹpútà mìíràn. Intel ní láti ṣí ọ̀nà kan tí èèyàn lè gbà fi Scroll Lock mú E-core dákẹ́.

Bí ẹ bá bi mí ní ohun kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹ fi affinity ṣe, màá ní kí ẹ fi géèmù sílẹ̀, àwọn tó ń jà fún àyè pẹ̀lú rẹ̀ ni kí ẹ dè. OBS tó ń gba fídíò eré yín sílẹ̀, ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ogún tó ṣí lẹ́yìn, SimHub tó ń fi iye eré hàn lórí pátákó kékeré, CrewChief tó ń bá yín sọ̀rọ̀ létí: ẹ kó wọn lọ sórí E-core, tàbí sórí core méjì tó gbẹ̀yìn bí tiyín kò bá ní E-core. Géèmù tí ẹ dè mọ́ core mẹ́rin kò ní ibi tó máa sá sí nígbà tí Windows bá gbé iṣẹ́ mìíràn wá bá a níbẹ̀. Géèmù tí ẹ tú sílẹ̀, tí ẹ sì kó wàhálà kúrò lọ́nà rẹ̀, á wá core tó sàn jù fúnra rẹ̀.

Ìdí tí àwọn kan fi ní kí a yọ CPU 0 ni pé iṣẹ́ Windows fúnra rẹ̀ máa ń pọ̀ níbẹ̀. Ó lè ran CPU àtijọ́ lọ́wọ́ díẹ̀. Lórí CPU tuntun, n kò rí i kó yọrí sí ohun tó ju ohun tí àṣìṣe ìwọ̀n lè fà. Ẹ rántí pé affinity máa ń pa rẹ́ nígbà tí ẹ bá ti géèmù, àti pé àwọn géèmù tó ní ẹ̀ṣọ́ tó ń dènà ìrẹ́jẹ lè kọ̀ kí ẹ fọwọ́ kàn wọ́n rárá.

Priority, àṣẹ tó ń sọ ètò tí Windows máa kọ́kọ́ dá lóhùn, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. High kò burú. Realtime ni kí ẹ yẹra fún, torí ó lè gba àyè lọ́wọ́ àwọn iṣẹ́ tí Windows fi ń gbọ́ ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe, sítíárìn tí ẹ so mọ́ USB á sì dákẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́ láàárín kọ́nà.

Core tó ń sùn nídìí

Láti ìgbà Windows 7 ni Windows ti ń mú core tí kò níṣẹ́ sùn kí iná má baà ṣòfò. Àwọn èèyàn rí i, wọ́n ní olè ni, wọ́n ṣe ohun èlò tó ń jí gbogbo core. Ìgbà kan wà tí ìyẹn wúlò, torí jíjí core máa ń gba àkókò. Ẹni tó bá ṣe é lórí Ryzen 9 7950X3D lónìí ń ba kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́ ni.

Ìdí rẹ̀ nìyí. CPU náà, tó jáde ní February 2023, ní core mẹ́rìndínlógún tó pín sí agbo méjì. Agbo kan ní cache 96 MB, èkejì ní 32 MB ṣùgbọ́n ó ń sáré jù ú lọ díẹ̀. Cache ni tábìlì ìdáná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń sè: ohun tó bá wà lórí rẹ̀, ọwọ́ kàn ń tó o ni, ohun tí kò bá sí níbẹ̀, ó di dandan kí a rìn lọ sínú yàrá lọ mú un wá, ìyẹn RAM. Sim fẹ́ràn cache púpọ̀, torí ohun kan náà nípa táyà, sípíríǹgì àti ojú ọ̀nà ló ń padà wò ní gbogbo mìlísẹ́kọ́ńdù mẹ́ta. Nítorí náà, bí Game Bar, ètò inú Windows tó ń bójú tó géèmù, bá ti rí i pé géèmù ló ṣí, Windows á mú agbo kejì sùn kí gbogbo thread géèmù lè jókòó pọ̀ sídìí cache ńlá. Bí wọ́n bá jí agbo kejì, àwọn thread á pín sọ́tùn-ún sósì, wọ́n á máa ránṣẹ́ síra wọn láti agbo dé agbo, àkókò á sì máa lọ. Bí sim tí ẹ ń lò bá ti pẹ́, tí Windows kò mọ̀ pé géèmù ni, ẹ ṣí Game Bar nígbà tó ń lọ lọ́wọ́, kí ẹ sì sọ fún un pé kó rántí pé géèmù ni.

Ẹni tí kò fẹ́ irú wàhálà yìí, tí kò sì ní iṣẹ́ fídíò tàbí iṣẹ́ ńlá mìíràn tó ń fi core ṣe, Ryzen 7 7800X3D rọrùn fún un jù: core mẹ́jọ, agbo kan, cache 96 MB. 5800X3D ti 2022 náà ní 96 MB, ó sì ń lọ sórí pátákó AM4, irú pátákó kan tí CPU AMD ń jókòó sí, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ní nílé tẹ́lẹ̀.

Ooru àti iná

Gbogbo ètò tí mo ti kà wọ̀nyí, ooru lè sọ wọ́n di asán. Ryzen 7000 kì í jẹ́ kí ara òun kọjá 95°C, ọ̀pọ̀ CPU Intel ń dín eré kù bó bá ti tó 100°C. Bí eré bá dín, olórí thread ló kọ́kọ́ ń jìyà rẹ̀. Bí ìdíje yín bá ń lọ dáadáa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ tó sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀, tí ọkọ̀ iwájú kò pọ̀ sí i, ẹ wo fáànù àti eruku kí ẹ tó wo core. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà alágbèéká ṣeré ní Ìbàdàn tàbí Èkó tún ní tirẹ̀ láti ṣọ́: iná lọ, kọ̀ǹpútà bọ́ sórí bátìrì, agbára tí CPU ní àṣẹ láti jẹ sì já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Sẹ́tíńgì kan kò lè dí àlàfo yẹn.

Níkẹyìn, inú géèmù fúnra rẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ tó tóbi jù sábà máa ń wà. Ẹ dín iye ọkọ̀ kù láti mẹ́tàlélógún sí mẹ́tàdínlógún, ẹ dín bí dígí ṣe ń mọ́ tó kù, ẹ dín òjìji kù, ẹ dín iye ọkọ̀ tó lè hàn lẹ́ẹ̀kan náà kù. Àwọn wọ̀nyí ni iṣẹ́ CPU. Dídín píksẹ̀lì àti àwọ̀ ara ọkọ̀ kù kò ní ràn yín lọ́wọ́ níbí, káàdì àwòrán nìkan ni ìyẹn ń sinmi fún. Lẹ́yìn náà, ẹ dá FPS dúró síbi tí kọ̀ǹpútà yín lè dé ní gbogbo ìgbà, bó tilẹ̀ jẹ́ 60: 60 tí kì í mì sàn fún ẹsẹ̀ tó wà lórí bíréèkì ju 95 tó ń já sí 48 nígbà tí kọ́nà bá kún.

Ẹ yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ 1% low sílẹ̀ kí ẹ tó yí i, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ní orí ìlà Monza pẹ̀lú iye ọkọ̀ kan náà, ẹ wà á dé kọ́nà kejì, ẹ kọ ti ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó gbà á gbọ́.